Ohun Tí Ọyẹ́ Mú Lọ

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìwàlọlá Adékàmbí lẹ ìtutù mọ́ ẹ̀yìn etí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì ṣí. Ọyẹ́ ọdún yẹn kì í ṣe ti eré. Ó ti la ètè gbogbo ayé, ó ti la àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, ó wá dórí gọ́ọ̀mù tí ilé ẹjọ́ fi ń lẹ oògùn mọ́ agbẹjọ́rò lára. Ìwàlọlá fi itọ́ díẹ̀ pa á lẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ pẹ̀lú ìka méjì, ó sì ka oókan títí dé ogún. Nígbà tó yọwọ́, ó yẹ ara rẹ̀ wò nínú gíláàsì ọkọ̀. Ìtutù náà dúró, ó kéré bí èékánná ọmọdé, òǹtẹ̀ ilé ẹjọ́ aláwọ̀ búlúù sì wà lórí rẹ̀.

"Ẹ ò tíì mu omi láti àárọ̀," ni ọkọ̀ wí. Ọkọ̀ náà kò ní awakọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "A ó dé ilé ẹjọ́ Ìlaròó ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ."

Kò sẹ́ni tó ń dá ọkọ̀ lóhùn mọ́, àfi àwọn arúgbó tí wọ́n ṣì ń kí i pé ó ṣeun.

Dìran Pópóọlá, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kíkó oògùn gbàgbé wọ̀lú kàn, jókòó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ lé orúnkún bí ọkọ ìyàwó. Òrùka irin kan wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí ọgbà ẹ̀wọ̀n ti kún àkúnya, agbẹjọ́rò ló ń ṣe túbú fún oníbàárà rẹ̀: bí olùjẹ́jọ́ bá jìnnà sí agbẹjọ́rò rẹ̀ ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ, òrùka náà yóò ta á débi tí yóò fi ṣubú. Oṣù méje ni Dìran ti ń sùn ní yàrá ẹ̀yìnkùlé Ìwàlọlá. Ó ń bomi rin ewébẹ̀, ó ń fi òrí pa orúnkún ìyá Ìwàlọlá, ó sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ń se ẹ̀wà. Ká má parọ́, ìyá náà fẹ́ràn rẹ̀ ju ọkọ tí ọmọ rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ lọ.

"Lọ́yà, ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ̀ ẹ́ dáadáa," ni Dìran wí. "Ọjà mi ni, mo mọwọ́ ẹ̀."

"Ẹ fi sílẹ̀. Ó ti mú."

Dìran rẹ́rìn-ín. "Inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń se é, tèmi àti tìjọba. Òǹtẹ̀ nìkan ni wọ́n fi jù mí lọ."

Kò parọ́. Ìyẹ̀fun funfun kan ni gbàgbé, ẹni tó bá fi sáhọ́n yóò gbàgbé ìrora rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ yóò gbàgbé oúnjẹ, yóò gbàgbé ọmọ sínú omi ìwẹ̀, níkẹyìn yóò gbàgbé láti mí. Ìwọ̀nba bíńtín nínú rẹ̀ ni ìjọba ń fi sínú ìtutù fún àwọn agbẹjọ́rò, nítorí pé Ìyá Òdodo, ẹ̀rọ tó ń dájọ́, ń ka ooru ara. Bí ọkàn agbẹjọ́rò bá ń sáré tí ara rẹ̀ sì gbóná, Ìyá Òdodo yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ gbọ́. Ara tó bá tutù ló ń jàre.

"Ṣé bí ẹ ṣe máa ń ṣe é náà lẹ máa ṣe é?" Dìran béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. N ó ní kí wọ́n tún ẹrù wọ̀n."

Ọgbọ́n náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí òfin ti lé ọ̀rá kúrò nílùú, àpò bébà ni wọ́n ń kó ẹrù ẹ̀rí sí. Ẹrù tí wọ́n bá gbà nígbà òjò máa ń mu omi nínú afẹ́fẹ́, yóò sì wúwo. Bó bá wá di ìgbà ọyẹ́, yóò gbẹ, yóò fúyẹ́. Kò sí ìyá kan láti Ìlaròó dé Ṣakí tí kò mọ̀ pé èlùbọ́ ọyẹ́ kì í wúwo tó ti òjò. Ṣùgbọ́n ìlú tí yìnyín ti ń rọ̀ ni wọ́n ti kọ́ Ìyá Òdodo, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ohun kan wà tó ń jẹ́ ọyẹ́. Lójú tirẹ̀, ẹrù tó bá dín, ẹnì kan ló jí i.

Nítorí náà, gbogbo iṣẹ́ Ìwàlọlá ni pé kó máa sún ẹjọ́ síwájú títí ọyẹ́ yóò fi dé. Ní ti Dìran, ó fi àìsàn sún un lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó ní àmì ohùn kò pé lórí orúkọ oníbàárà òun nínú ìwé ẹ̀sùn, Ìyá Òdodo sì tọrọ àforíjì, ó fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Agbẹjọ́rò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló mọ ọgbọ́n yìí. Wọn kì í bá ara wọn sọ ọ́. Wọ́n kàn máa ń pàdé ara wọn nílé ẹjọ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún, wọ́n á sì béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọkọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti korò ni Òfin Ìpààrọ̀. Ẹni tó bá ba ẹ̀rí jẹ́ ni yóò ṣe ẹ̀wọ̀n dípò olùjẹ́jọ́, ọdún méjìlá láìdín ọjọ́ kan, olùjẹ́jọ́ á sì máa lọ sílé, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń mú. Olùtọ́jú ẹrù méje ni Ìwàlọlá ti fi ọ̀nà yìí rán lọ. Ó lè ka orúkọ wọn lórí bí ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ kò rí oorun sùn. Lọ́dún kejì ó ń sùn.

"Mo gbọ́ pé wọ́n ti gbé olùtọ́jú ẹrù tuntun wá," ni Dìran wí, ojú rẹ̀ wà ní fèrèsé. "Àgbàlagbà ni. Wọ́n ní tíṣà ni tẹ́lẹ̀. Ògúnrọ̀mbí."

Nǹkan kan gbọ̀n nínú Ìwàlọlá, ó gbọ̀n díẹ̀, ó sì jókòó padà. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí rẹ̀. Ìtutù ti ń ṣiṣẹ́, ó rò ó bẹ́ẹ̀, ó sì dúpẹ́.

Eruku bo ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ débi pé àwọn igi inú ọgbà dà bí ẹni tó wọṣọ. Sìmbíàtù, obìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, fi aṣọ bo imú àti ẹnu, ojú nìkan ló hàn.

"Lọ́yà, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ bá mi ṣí ìborùn kí ẹ̀rọ rí ojú yín. Ẹ má bínú, iṣẹ́ ni."

Bí Ìwàlọlá ṣe fa ìborùn kúrò ni ìjì eruku kan dé, ó sì gba ìborùn náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo wọn dijú. Dìran sáré mú ìborùn náà kó tó kọjá ogójì ìṣísẹ̀, ó gbọn ọ́n nù, ó fi lé e léjìká. Sìmbíàtù ń pariwo nǹkan kan lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n atẹ́gùn gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ilẹ̀kùn sì ti pa dé.

Bàbá Ògúnrọ̀mbí wà lórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ ẹ̀wù òṣìṣẹ́ aláwọ̀ eérú tó tóbi jù fún un, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti gbẹ. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yí padà.

"Ìwàlọlá. Kíláàsì Kẹrin, àga kẹta létí fèrèsé."

Ó kúnlẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Tíṣà."

"Dìde, dìde, aṣọ ẹjọ́ ló wà lọ́rùn rẹ." Ó wò ó látòkè délẹ̀, inú rẹ̀ dùn, kò sì fi pamọ́. "Mo rí orúkọ rẹ nínú ìwé, mo ní, háà, ọmọ tí mo kọ́ ní ìwọ̀n rèé. Ṣé o rántí òṣùwọ̀n wa yẹn, aláwo méjì?"

"Mo rántí, sà."

"Kí la máa ń sọ?"

Ó mọ̀ ọ́n. Ọgbọ̀n ọmọ ló máa ń pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ̀wà àti òkúta á sì máa fò lórí tábìlì. "Ẹ tún un wọ̀n," ni ó wí.

"Ẹ tún un wọ̀n! Ohun tí a wọ̀n lẹ́ẹ̀kan, àlejò ni. Ẹ̀ẹ̀kejì ló ń di ará ilé." Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ tó ti là sì ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. "Èmi ni mo tọrọ iṣẹ́ yìí o. Wọ́n ní mo ti dàgbà jù, mo ní kí wọ́n gbé e fún mi. Láti ìgbà tí Fọ́yèkẹ́ ti lọ."

Fọ́yèkẹ́ ni ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yìn Ìwàlọlá gan-an ló máa ń jókòó sí ní kíláàsì, ó sì máa ń fi pẹ́ńsùlù gún un.

"Gbàgbé ló mú un lọ," ni bàbá náà wí, bí ẹni ń sọ orúkọ ìbátan kan. "Mo wá ní, èyí tí wọ́n bá ti gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, kò ní tún padà sígboro lójú tèmi. Èdìdì márùn-ún ni mo fi sí i. Mi ò jẹ́ kí eku pàápàá ó yà síbẹ̀. Àwọn méje tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi, olè ni gbogbo wọn. Ojú ń tì mí fún wọn."

Dìran ti rìn lọ síbi ògiri, ó ń wo àwòrán kan níbẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

Ìwàlọlá la ẹnu. Gbólóhùn náà kò gùn: Tíṣà, ẹ rántí èlùbọ́, ẹ sọ fún wọn pé ọyẹ́ ni. Bí bàbá náà bá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, lábẹ́ ìbúra, Ìyá Òdodo yóò gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí.

"Tíṣà," ni ó wí.

"Kí ni?"

"Ẹ máa mu omi. Ọyẹ́ pọ̀."

"Ó pọ̀ lóòótọ́," ni bàbá náà wí. "O ṣeun, ọmọ mi."

Gbọ̀ngàn ẹjọ́ kò ní àga adájọ́. Pátákó dúdú kan ló wà níwájú, ó ga bí ilẹ̀kùn, òṣùwọ̀n ńlá kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ohùn obìnrin ará Ṣakí kan ni wọ́n fún Ìyá Òdodo, ohùn tó rọ̀, tó kún fún òwe. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, "ìwọ" ló ń pe gbogbo ènìyàn, àwọn àgbààgbà sì fárígá. Wọ́n tún un ṣe, ó wá di pé olè pàápàá, "ẹ̀yin" ni.

"Ẹ kú ìjókòó o," ni Ìyá Òdodo wí. "Ẹjọ́ ìjọba àti Dìran Pópóọlá. Ẹrù ẹ̀rí: gbàgbé, kílò mẹ́rìnlélógójì, tí wọ́n gbà létí odò Yewa ní oṣù Kẹfà. Agbẹjọ́rò, ǹjẹ́ ẹ ní ọ̀rọ̀?"

Ìwàlọlá dìde. "Mo ní. Ẹ tún un wọ̀n."

Ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tí Bàbá Ògúnrọ̀mbí mi orí, bó ṣe máa ń mi orí tí ọmọ bá dáhùn dáadáa.

Apá irin méjì gbé àwọn àpò bébà náà sórí òṣùwọ̀n. Èdìdì márààrún wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó já. Nọ́ńbà sáré lórí pátákó, ó fà, ó sì dúró. Kílò méjìlélógójì àti ààbọ̀.

Bàbá Ògúnrọ̀mbí dìde, ó wo nọ́ńbà náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "ẹ tún un wọ̀n."

Wọ́n tún un wọ̀n. Nọ́ńbà kan náà ló jáde.

"Ẹ̀ẹ̀kejì ti di ará ilé," ni bàbá náà sọ jẹ́jẹ́, fún ara rẹ̀.

"Olùtọ́jú ẹrù," ni Ìyá Òdodo wí, "bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé ẹ̀yin nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bó ṣe..."

"Ẹ ti dáhùn, ẹ ṣeun. Kílò kan àti ààbọ̀ ló dín." Ìyá Òdodo dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ láti máa dákẹ́ kó tó pòwe. "Àwọn àgbà ní, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Kí n tó dájọ́, òfin ní kí n bi agbẹjọ́rò. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí a tún un wọ̀n, ǹjẹ́ ẹ mọ ìdí mìíràn tí ẹrù yìí fi lè dín, tí kì í ṣe olè? Mo fún yín ní ìṣẹ́jú kan."

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi í nígbà gbogbo. Ẹ̀ẹ̀meje ló ti dáhùn rẹ̀. Iná pupa kan tàn lára pátákó, ó ń kúrú díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: ọyẹ́. Bó bá sọ ọ́, bàbá tó kọ́ ọ ní ìwọ̀n yóò lọ sílé. Àwọn méje yóò jáde. Dìran yóò lọ síbi tó yẹ kó lọ. Lẹ́yìn náà Ìyá Òdodo yóò béèrè ìgbà tó ti mọ̀, Òfin Ìpààrọ̀ yóò sì ka ọdún méjìlá lọ́nà méje sí i lọ́rùn, ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ó mọ gbogbo èyí bí ẹni mọ àdírẹ́sì. Ó dúró de ara rẹ̀. Ó rò pé bí ìmọ̀lára kan bá wà tó lágbára tó, yóò gba abẹ́ ìtutù náà kọjá, yóò sì ti ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu òun. Ó wo ọwọ́ Bàbá Ògúnrọ̀mbí tó di kọ́kọ́rọ́ mú. Ó rántí Fọ́yèkẹ́ àti pẹ́ńsùlù rẹ̀. Ó rántí bàbá náà lọ́jọ́ tí òjò ń ya lu kíláàsì, tó fi ẹ̀wù ara rẹ̀ bo òṣùwọ̀n kó má baà dípẹtà. Kò sí nǹkan kan tó mì. Ètè rẹ̀ ń ta á níbi tó ti là, ìyẹn nìkan ló gbọ́ lára. Ó bú ìtutù náà nínú ọkàn rẹ̀, ó ní oògùn yìí le, oògùn yìí ti pa mí.

Iná pupa náà tán.

"Rárá," ni ó wí. "N kò mọ ìdí mìíràn."

"Ooru ara agbẹjọ́rò kò yí padà rárá," ni Ìyá Òdodo wí. "Mo gbà á gbọ́. Dìran Pópóọlá, ẹ máa lọ sílé yín."

Òrùka irin ṣí lọ́rùn ẹsẹ̀ Dìran, ó sì dún nílẹ̀. Apá irin gbé e, ó fi sí ọrùn ẹsẹ̀ Bàbá Ògúnrọ̀mbí. Ẹsẹ̀ bàbá náà tínrín, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì fún un kó tó mú. Kò bá wọn jà. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì, ó tò ó gún régé. Bí wọ́n ṣe ń mú un kọjá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwàlọlá.

"Má bínú sí mi," ni ó wí. "Mo ń fọ́nnu fún ọ lóde lẹ́ẹ̀kan. Ìṣirò kì í parọ́. Àfàìmọ̀ kí n má ti sùn lọ́jọ́ kan kí ẹnì kan wọlé. Mo ti ń darúgbó, n kò mọ̀." Ó fọwọ́ kàn án léjìká. "O béèrè bó ṣe yẹ kéèyàn béèrè. Mo kọ́ ọ dáadáa."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Ìwàlọlá wí.

Nínú ọgbà, Dìran kí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní òun á wá kó ẹrù òun lọ́la, òun á sì bá Màmá tú àlùbọ́sà tó ti tó tú. Ó rìn lọ lábẹ́ àwọn igi eléruku náà. Nígbà tó di ìṣísẹ̀ ogójì, ó dúró lójijì, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá.

Ìwàlọlá dé ẹnu ọ̀nà. Ó fẹ́ délé kó yọ ìtutù náà. Ó mọ bó ṣe máa ń rí: bó bá ti yọ ọ́, lẹ́yìn wákàtí kan, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ yóò dé, ó lè ti ilẹ̀kùn kó sunkún. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí kò jókòó dúró de wákàtí náà.

"Lọ́yà, ẹ dúró." Sìmbíàtù ṣí aṣọ kúrò lẹ́nu. Ó na ọwọ́, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nǹkan pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, ó kéré bí èékánná ọmọdé, eruku ti bò ó, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ búlúù náà ṣì hàn. "Nǹkan yín rèé. Ó já bọ́ láàárọ̀, nígbà tí ìjì gba ìborùn yín. Mo pè yín títí, ẹ ò gbọ́. Láti ìgbà yẹn ni àyà mi ti ń já, mo ní báwo ni wọ́n ṣe máa dúró níwájú ìyá yẹn láìsí nǹkan kan lára."

Ìwàlọlá fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí rẹ̀. Awọ lásán ló bá, ó gbẹ, ó sì rí hóróhóró.

"Ẹ sì tún jàre," ni Sìmbíàtù wí. "Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

"Kò nira," ni Ìwàlọlá wí, òótọ́ sì ni.